Ibi Tí Àwọn Ọmọ Mi Ní Kí N Dúró Sí

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ alẹ́, ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Mo sọ ọ́ ṣáájú kí ẹ má baà rò pé oníṣègùn ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú mi rí nígbà tí ọmọ mi obìnrin pa ẹnu mọ́ sí wa ni mo fẹ́ kọ, torí mo mọ̀ pé ilé tí irú ẹ̀ wà pọ̀ láàrin wa, aṣọ la fi ń bò ó.

Oríkì ẹ̀ ni màá máa fi pè é níbí: Àjọkẹ́. Ọdún 2009 la bí i. Owó tí wọ́n ń gbà láti bá èèyàn tọ́jú ọmọ lójúmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó oṣù ìyá ẹ̀ mì. Nígbà tó pé ọmọ ọdún kan àbọ̀, a gbé e lọ fún ìyá mi n'Íbàdàn, ní Mọ́kọ́lá. Ọdún méjì la pè é. Méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di méje àtààbọ̀. A bí àbúrò ẹ̀ ọkùnrin méjì síbí, a ò sì gbé àwọn yẹn lọ síbì kankan. Ọdún 2018 la tó lọ mú un wá, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó kúnlẹ̀ kí mi ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Sà! Èmi tí mo bí i.

Ìyá mi kú ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí kòrónà ò jẹ́ kí èèyàn lè wọ ọkọ̀ òfuurufú bó ṣe wù ú. A ṣe bí àwọn àgbà wa ti máa ń ṣe, a fi pamọ́ fún ọmọ. Tó bá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn Màmá lórí fóònù, à á ní Màmá ń sùn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èmi àti ìyá ẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, a wò ó lórí WhatsApp. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la tó sọ fún un. Kò sunkún. Ó ní, "Okay," ó wọ yàrá ẹ̀ lọ.

Bó ṣe di pé kò bá wa jẹun mọ́ nìyẹn. Kò sọ Yorùbá mọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi ń dáhùn ìbéèrè, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó fi àlùmọ́gàjí gé irun orí ẹ̀ débi tí kò fi ṣẹ́kù ju ìdajì ìka lọ. Nílé-ìwé, wọ́n ní ìdí àtẹ̀gùn ló máa ń dúró sí nígbà eré, òun nìkan.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba, mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Mo gba fóònù ẹ̀. Mo pariwo. Mo pe pásítọ̀ wá sílé pẹ̀lú àwọn ajagun àdúrà, a ní kí ọmọ jókòó sórí àga láàrin pálọ̀, àwa márùn-ún dúró yí i ká, a gbọ́wọ́ lé e lórí. N ò rò ó nígbà náà. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó rí àwòrán yẹn lọ́kàn mi: ọmọ ọdún méjìlá, àgbà márùn-ún lóòró lórí ẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tó jókòó tì í.

Ilé-ìwé ló kọ lẹ́tà ránṣẹ́ síbi tí NHS, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ti ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé. Oṣù mẹ́jọ la fi dúró kí wọ́n tó pè wá. Nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, ohun tó ń já mi láyà ni ohun tó ń já gbogbo wa láyà nílùú yìí: ṣé sósíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ bí òbí ṣe ń tọ́ ọmọ, ò ní wá kó àwọn ọmọ mi lọ? Mo tiẹ̀ kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ohun tí wọ́n á sọ. Ẹ má dán an wò o. Ọmọ ọdún méje ò mọ bí a ti ń parọ́ fún òyìnbó. Ọjọ́ kìíní tí a débẹ̀ ló ti sọ fún wọn pé, "Daddy said I should say we eat together."

Yàrá náà ò ju pálọ̀ kékeré lọ. Àga mẹ́fà, páálí tíṣù lórí tábìlì, dígí ńlá kan lára ògiri. Olùtọ́jú náà, obìnrin òyìnbó kan tó ti ń dàgbà, ní àwọn akẹgbẹ́ òun méjì wà lẹ́yìn dígí, pé wọ́n á máa wò wá kí wọ́n lè gba òun nímọ̀ràn. Inú mi sọ kù. Odindi ìjókòó méjì ni mo fi ń bá dígí sọ̀rọ̀ dípò èèyàn. Ìgbà tí mo wá fìgboyà béèrè, ó mú wa lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀: àga méjì, kẹ́tùlù kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ bísíkíìtì. Bí wọ́n bá gbé dígí síwájú yín, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Èmi ni mo ń dáhùn gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi Àjọkẹ́. Tí n ò bá dáhùn, ìyá ẹ̀ á dáhùn. Èmi jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn tèmi ti jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́rùn, ìyá wọn wà láàrin àwọn ọmọkùnrin, Àjọkẹ́ wà lábẹ́ fèrèsé, ó fi fìlà súwẹ́tà bojú.

Nígbà kẹta, obìnrin náà ní ká dìde. Ó ní òun fẹ́ kí Àjọkẹ́ fi wá gbẹ́ ère. Kó mú kálukú lọ síbi tó bá rò pé ó wà nínú ilé, kó sún ẹni tó sún mọ́ ara wọn mọ́ra, kó mú wọn jìnnà síra tí wọ́n bá jìn síra, kó yí ojú wa síbi tó bá ń wò. Kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀. Family sculpting ni wọ́n ń pè é.

Àjọkẹ́ dúró gbagidi. Ẹ rò ó wò ná. Ọmọ tí ìyá Ìbàdàn tọ́, ṣé ó máa di bàbá ẹ̀ léjìká mú, kó máa tì í síbí tì í sọ́hùn-ún? Mo mọ̀ pé kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí níwájú òyìnbó. Mo fi Yorùbá sọ fún un pé, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Àǹtí wí ni?" Ohùn mi ò dáa.

Ọmọ náà kúnlẹ̀.

Sáàrin yàrá, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dorí kodò. Gbogbo wa wà lóòró, òun nìkan ló wà nílẹ̀. Mo rí i tí obìnrin náà ń kọ nǹkan sínú ìwé, ẹ̀rù bà mí dé inú eegun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé wéréwéré pé bí àwọn ọmọbìnrin wa ṣe ń kí àgbà nìyẹn, pé kì í ṣe ìyà, pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó ń kí yín ni ní báyìí?"

N ò rí èsì fọ̀. Àǹfààní kan ṣoṣo tó wà nínú ọjọ́ náà nìyẹn.

Èmi tí mo ti ń pe gbogbo ẹ̀ ní eré òyìnbó, ṣé kì í ṣe ibi tí èèyàn dúró sí la fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wa nílé? Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Nínú ìpàdé ẹbí, kí olórí ẹbí tó la ẹnu, ẹni tó wọlé ti mọ̀ ọ́n látinú àga tó jókòó sí. Lọ́jọ́ ìdána, orí itan bàbá àti ìyá ni wọ́n ń gbé ìyàwó lé kí wọ́n tó wúre fún un. Bí àna bá bínú, ẹ̀gbẹ́ ló máa kọ sí yín. A mọ̀ ọ́n dunjú. Àwa kì í kàn fún ọmọdé láǹfààní láti sọ ibi tí àwa àgbà wà lójú tiẹ̀ ni.

Nígbà ìsinmi ní gáréèjì, mo máa ń kà nípa ẹ̀ lórí fóònù. Moreno, dókítà tí wọ́n bí ní Bucharest lọ́dún 1889, tó ṣiṣẹ́ ní Vienna kó tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ló mú kí àwọn èèyàn dìde fi ìṣòro wọn ṣeré dípò kí wọ́n kàn jókòó ròyìn ẹ̀. Ní nǹkan bí 1970, David Kantor àti tọkọtaya Duhl ní Boston wá sọ ọ́ di ère ìdílé. Virginia Satir náà, olùtọ́jú ìdílé tó kú ní 1988, gbajúmọ̀ fún un. Òun ló máa ń fi ìdúró mẹ́rin kọ́ àwọn èèyàn bí kálukú ṣe ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá le: ẹnì kan á kúnlẹ̀ nawọ́ sókè bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, ẹnì kan á na ìka sí ẹlòmíì, ẹnì kan á le bí igi, ẹnì kan á máa ṣe kátikàti tí kò kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ìdúró àkọ́kọ́ yẹn ló mú mi dákẹ́. Nínú ìwé Satir, ẹni tó kúnlẹ̀ ń rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má baà bínú sí i. Nílé wa, ẹni tó kúnlẹ̀ ní ẹ̀kọ́. Òyìnbó tó bá fi ti Satir ka ọmọ Yorùbá á ṣì í kà. Èmi náà tí mo fi ti ilé wa kà á lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà l'Ábẹ́òkúta. Mo ròyìn fún un lórí fóònù, mo rò pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀, ṣebí Lambo, dókítà ọpọlọ, ti ń ṣe irú ẹ̀ ní ọsibítù Áró láti 1954: kò gba aláìsàn láìgba ẹbí ẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n á wá ilé fún wọn ní abúlé tó yí ọsibítù ká, wọ́n á máa gbé pọ̀ kí ara fi yá. Ó ní, "Wọn kì í tọ́jú ẹnì kan nínú ilé kí wọ́n fi ilé sílẹ̀." Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà kẹrin, obìnrin náà kó bọ́tìnì wá, agolo kan kún. Ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn, pé kí Àjọkẹ́ mú bọ́tìnì fún kálukú, kó tò ó sórí tábìlì. Èyí kò ní kó fọwọ́ kan bàbá ẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń tijú tàbí ń bẹ̀rù yín, ẹ rántí eléyìí: kọ́ìnì, òkúta, ideri ìgò, ohunkóhun.

Ó pẹ́ kó tó mú un. Ó mú bọ́tìnì búráwùn ńlá kan, irú ti kóòtù, ó gbé e sí etí tábìlì gan-an, apá kan ẹ̀ yọ síta. Èmi nìyẹn. Ó mú funfun kan fún ìyá ẹ̀, búlúù kéékèèké méjì fún àwọn àbúrò ẹ̀, ó pa wọ́n pọ̀ ṣùgù-ṣùgù láàrin. Ó wá mú pupa kan. Ó gbé e sí ìkángun kejì, ó jìnnà sí gbogbo wa. Obìnrin náà béèrè pé, "Ìwọ wá ńkọ́?" Ó gbé bọ́tìnì pupa sókè. Bọ́tìnì kékeré dúdú kan ti wà lábẹ́ ẹ̀, a ò mọ ìgbà tó fi síbẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí pupa yẹn jẹ́. Obìnrin náà ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá ń tò ó. Ẹnu mi kò gbà. Mo ní, "Ṣùgbọ́n Màmá ti kú."

Ó fọwọ́ gbá gbogbo ẹ̀ padà sínú agolo. Ó fa fìlà súwẹ́tà bojú, ó tún di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó tún fọwọ́ kan nǹkan kan nínú yàrá yẹn. Mo ti wa ọkọ̀ lójú yìnyín rí, mi ò ṣe àṣìṣe tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn.

Sùúrù tán nínú mi. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa sọ fún mi nípa ìpàdé òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú gbọ̀ngàn, pé ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ń yanjú ohun tí àwọn NHS ń fi oṣù ṣe. Mo san pọ́n-ùn 180. Èmi nìkan ni mo lọ, n ò sọ fún ìyá wọn. Ẹni tó ń darí ẹ̀ ní kí n mú àwọn àjèjì tó wà níbẹ̀ dúró bí aṣojú ẹbí mi: ẹnì kan jẹ́ bàbá mi, ẹnì kan ìyá mi, ẹnì kan ọmọ mi. Ó ń rìn yí wọn ká, ó wá ní òkú kan wà nínú ẹbí wa tí a kò kà kún, pé òun ni ọmọ mi ń tẹ̀ lé lọ. Ó mú ọkùnrin kan dúró bí òkú náà, ó ní kí n tẹríba fún un. Mo tẹríba. Mo sunkún bí ọmọdé. Gbogbo gbọ̀ngàn sunkún.

Ọ̀nà yìí yàtọ̀ sí ti obìnrin òyìnbó wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdúró náà ni wọ́n ń lò. Bert Hellinger, ará Jámánì, ló tàn án kálẹ̀. Àlùfáà Kátólíìkì ni tẹ́lẹ̀, ó sì gbé láàrin àwọn Zulu ní South Africa fún ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà. Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ìdílé kan ní Jámánì kọ̀wé jáde láti ta kò ó. Mo mọ èèyàn méjì tí wọ́n ní ó ṣe àwọn láǹfààní, n ò ní bá wọn jiyàn. Tèmi ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ òkú ìdílé kò ṣàjèjì sétí Yorùbá, ìdí nìyẹn tó fi tètè wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n nílé, ẹni tó máa sọ fún mi pé òkú kan ń bínú gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ ilé wa, tí èmi náà mọ ilé ẹ̀, tí mo lè padà lọ bá lọ́la. Ọkùnrin yìí ò mọ̀ ju orúkọ mi lọ, kò sì pè é dáadáa.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ta ni òkú tí a kò kà kún? Mo bi ìyá àwọn ọmọ mi léèrè oyún tó bàjẹ́ lára ẹ̀ ní 2007, ohun tí a kò fẹnu bà láti ọjọ́ náà. Mo bi í bí ẹni ń bi olè. Ọ̀sẹ̀ méjì la ò fi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ẹkún tí mo sun ní gbọ̀ngàn yẹn ni mo fi ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni. Ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ti sunkún rí nígbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n ẹgbẹ́ tí mò ń tì lẹ́yìn.

Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé obìnrin tiwa kò sọ fún wa rí ohun tí ère túmọ̀ sí. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ló ń sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹbí yín dúró, tó tún wá ń túmọ̀ ẹ̀ fún yín lórí ìdúró, ẹ mú báàgì yín.

Àwọn ọmọkùnrin ló wá ṣí ọ̀nà. Nígbà keje, obìnrin náà ní kí àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀, torí ẹni tó kéré jù kì í rò ó pẹ́. Ó fò dìde. Ó so ìyá ẹ̀ mọ́ àga, ó ní kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gun orí tábìlì (wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀). Ó ní kí Àjọkẹ́ dúró sí kọ̀rọ̀, ojú sára ògiri. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì mí sí kọ́rídọ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú: "Daddy is at work!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo dúró sí kọ́rídọ̀ náà. Kápẹ́ẹ̀tì àwọ̀ eérú, pátákó ìkìlọ̀ iná, ẹ̀rọ omi mímu kan tó ń hó kúlú-kúlú. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ bi mí bóyá mo ṣìnà. Mo ní rárá, pé ọmọ mi ló ní kí n dúró síbí. Ó wò mí, ó gbálẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín tí n kò mọ ohun tó fà á. Ọdún mẹ́rìndínlógún iṣẹ́ alẹ́, n ò mọ bí ilé mi ṣe ń dún tí n ò bá sí níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àjọkẹ́ ni. Ó jáde, ó pa á dé, ó dúró tì mí, kò wò mí. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn, ó fi etí sún mọ́ pákó. Ó ní, lédè Yorùbá tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, "Ibí ni mo wà lọ́jọ́ tí ẹ ń wo ìsìnkú Màmá."

Ó ti mọ̀. Ó mọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí à ń sọ fún un pé Màmá ń sùn. Ó ti gbọ́ orin, ó ti gbọ́ ẹkún mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nínú kọ́rídọ̀ ilé wa, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí a má baà gbọ́ ìró ẹ̀.

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo fẹ́ sọ pé bí a ti máa ń ṣe é nílé nìyẹn. Ẹ̀kọ́ bọ́tìnì wá sí mi lọ́kàn, mo pa ẹnu mọ́. Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, a kọjú sí ilẹ̀kùn, bíi kí ẹnì kan wá ṣí i fún wa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo ní, "Má bínú." Ó ní, "Ẹ̀yin náà ń sunkún." Ìyá ẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn.

N ò ní pa irọ́ fún yín pé gbogbo ẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó tún lé mi kúrò nínú yàrá ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ló ti gbà láti gbẹ́ ère tiẹ̀, òun ló sì wá ọgbọ́n tó bá ilé wa mu. Kò fọwọ́ kàn mí. Òun fúnra ẹ̀ á lọ dúró síbi tó fẹ́ kí n wà, bó ṣe fẹ́ kí ojú mi rí, kí ọwọ́ mi rí, á wá kúrò, èmi á lọ wọ ibẹ̀ bí ẹni wọ bàtà. Obìnrin náà ní òun kò rí ẹni tó ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Àjọkẹ́ bọ̀wọ̀, ó sì gbé mi síbi tó fẹ́.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n dúró sídìí ìkọ́ aṣọ, kí n kọjú sí ògiri. Ó mú ìyá ẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀ sáàrin bí ti bọ́tìnì. Ó gbé àga kan tó ṣófo sábẹ́ fèrèsé, ó yọ ìborùn Màmá jáde nínú báàgì ilé-ìwé ẹ̀, àdìrẹ kan tó ti ṣá, ó tẹ́ ẹ sórí àga náà. Ó wá jókòó sílẹ̀ níwájú àga, ó kẹ́yìn sí i, ó fi orí ti ibi tí ìbá jẹ́ orúnkún, ó gbé ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Obìnrin náà máa ń jẹ́ kí a dúró bẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, láìsọ̀rọ̀. Ó gùn. Ọrùn á dunni, ẹsẹ̀ á kú tipiri. Kò sí ohun tí mò ń rí lára ògiri ju ojú ìṣó kan lọ. Ó wá ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé láti ibi tí a wà, kí là ń rí? Mo ní n ò rí ẹnì kankan. Ìyá ẹ̀ ló rí i. Ó ní, "Ìdí irun ló jókòó sí."

Ọdún méje àtààbọ̀ ni ìyá mi fi di irun ọmọ yẹn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àárín itan Màmá ni ilé ẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣọ́ọ̀bù onírun ní Peckham là ń san owó fún, á jókòó sórí àga gíga níwájú dígí, ẹlòmíì á máa fa irun ẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tiẹ̀ rò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ bá máa ṣe irú ẹ̀: kí wọ́n tó jẹ́ kí a lọ, obìnrin náà á ní kí kálukú padà sórí àga ara ẹ̀, kó gbọn ọwọ́ gbọn ẹsẹ̀, kó sọ orúkọ ara ẹ̀ àti ohun tó fẹ́ jẹ lálẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni. Níbi ìpàdé onípọ́n-ùn 180 yẹn, kò sí ẹni tó mú mi padà, òkú inú gbọ̀ngàn ni mo gbé délé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sí kọ́rídọ̀.

Ẹ má sì tètè gbé e wálé. Èmi gbé e wálé. Mo da ọmọ ayò méjèèjìdínláàádọ́ta sórí tábìlì ìjẹun, mo ní kí kálukú to bí ilé wa ṣe rí. Mo jókòó, mo káwọ́ gbera bí adájọ́. Gbogbo wọn gbé mi sáàrin gbùngbùn. Àbíkẹ́yìn, ẹni tó tì mí síta lọ́jọ́sí, fi ọmọ ayò mẹ́fà yí mi ká. Ìyá wọn wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ dáná. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè jẹ́ ẹni tó ń béèrè. Mo kó ayò padà sínú ọpọ́n.

Ìyá ẹ̀ ò mọ irun dì. Ó kọ́ ọ lórí YouTube, lójú orí ọmọ náà gan-an, nígbà tí irun tó gé ti hù tó ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Ṣùkú àkọ́kọ́ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí òrùlé tí ìjì jà. Àjọkẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sílé-ìwé bẹ́ẹ̀.

Mo ti gbà á lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá mi báyìí pé n kò ní máa ṣiṣẹ́ alẹ́ Jimọ́, torí kí ojú mi lè dá lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ẹ̀ wà lórí àga nínú pálọ̀, òòyà lẹ́nu, Àjọkẹ́ jókòó sílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ti ga ju ìyá ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn dé ìdí tẹlifíṣọ̀n. Mo gbé àga kan wá láti kíṣìnnì, mo dúró tì í bí ẹni tó dé ìlú tí kò mọ̀. Mo bi í léèrè pé ibo ni kí n gbé e sí.

Ó wò yíká láìgbé orí, torí ìyá ẹ̀ dì í mú. Ó ní, "Dádì, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ń dí wa lójú." Mo sún sẹ́yìn. Ó ní, "Ó tó. Níbẹ̀ yẹn." Mo jókòó.